Èsì Ni Ẹ̀kọ́: Lẹ́tà, Ímeèlì àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Jìnnà sí Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ òní: lẹ́tà tó ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá ẹni tí kò ráyè wá sí kíláàsì, àti lẹ́tà tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà padà wá bá olùkọ́. Ì báà jẹ́ èyí tí a lẹ sítáǹpù mọ́, ì báà jẹ́ èyí tó gba orí ẹ̀rọ kọjá, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń kàwé n'Ìbàdàn

Ní 1944, ọkùnrin ẹni ọdún 35 kan tó ń gbé ní Ìbàdàn gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Kò jókòó ní kíláàsì yunifásítì náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ra irè oko tà, ó sì ti fi mọ́tò akẹ́rù ṣòwò. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí òun ṣì kéré, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìwé kà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ọkùnrin náà, ọ̀nà lẹ́tà ló sì gbà kàwé gboyè.

Ohun tí ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà láàárín Liverpool àti Èkó nígbà náà. Bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́nà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ń lò lójú òkun. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lónìí, ó kéré tán, oṣù kan gbáko á kọjá kí ó tó mọ̀ bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Ogun Hitler sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1939. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù sínú òkun Atlantic, àpò lẹ́tà sì wà lára ohun tó ń bá ọkọ̀ rì. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí ń kọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n ń dúró, wọ́n sì ń kọ òmíràn kí èsì ti àkọ́kọ́ tó dé.

Lẹ́yìn oyè yẹn ni Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ń ti òkè òkun wá nínú àpò lẹ́tà ló dá ilé ìwé tí ọmọ tálákà lè fẹsẹ̀ rìn dé sílẹ̀ fún wa.

Ìwé tí èèyàn lè rà kà wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ayé Awólọ́wọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ fún? Ojú ẹlòmíràn lára iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rà. Ó ń wá ẹnì kan tó máa ka ohun tí òun kọ, tó máa fa ìlà sí ibi tí òun ti ṣìnà, tó sì máa dá a padà kí òun tó gbàgbé ìdí tí òun fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èsì ni ẹ̀kọ́. Níbi tí èsì bá ti pẹ́ jù, tàbí tí kò dé rárá, akẹ́kọ̀ọ́ ń dá kàwé ni, bó ti wù kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí ìwé náà tóbi tó.

Pẹ́nì kan

Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1728, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Caleb Phillips polówó nínú ìwé ìròyìn Boston Gazette pé ẹni tó ń gbé ìgbèríko lè kọ́ ìkọ̀wé kíákíá, èyí tí a mọ̀ sí ṣọ́tíhándì, bí òun bá ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlérí ìpolówó náà dá lórí ohun tí olùkọ́ máa fi ránṣẹ́. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdajì kejì ti wá ní 1840, owó lẹ́tà ló sì ṣí ọ̀nà fún un. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó àti bí ewé ìwé inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa san. Owó náà wọ tálákà lára débi pé ẹlòmíràn á kàn wo ẹ̀yìn lẹ́tà, á sì dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Rowland Hill ló dábàá pé kí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa sanwó rẹ̀ ṣáájú, kí owó náà sì jẹ́ pẹ́nì kan jákèjádò ilẹ̀ náà fún lẹ́tà tí kò bá wọ̀n ju ìdajì áúnsì lọ. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1840. Nígbà tó di oṣù Èbìbí ọdún kan náà, sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Penny Black.

Isaac Pitman ń gbé ní ìlú Bath. Ó ti tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà ṣọ́tíhándì tirẹ̀ ní 1837, kíá ló sì rí ohun tí pẹ́nì kan lè ṣe. Ó kó ìlànà ètò náà jọ sórí ewé ìwé kan ṣoṣo tó lè gba inú lẹ́tà pẹ́nì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ọ, á mú ẹsẹ Bíbélì mélòó kan, á fi ṣọ́tíhándì kọ wọ́n, á sì fi ránṣẹ́ sí i. Pitman á tún un ṣe, á dá a padà. Nígbà tí iṣẹ́ náà gun ẹnì kan lápá, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1843 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe nípasẹ̀ lẹ́tà, láìgba kọ́bọ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú Bíbélì yẹn yẹ ní wíwò dáadáa. Ìwé kan náà wà lórí tábìlì olùkọ́ àti lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ìdí láti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ náà, kò sì sí àríyànjiyàn lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ. Àṣìṣe nìkan ló kù tí olùkọ́ ní láti wá. Lẹ́tà fúyẹ́, iṣẹ́ yá, èsì tètè padà.

Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí kí sítáǹpù tó dé. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí àrokò, ìtumọ̀ ẹ̀fà náà ni pé ọkàn òun ń fà sí i. Bí ẹni tó gbà á bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni ó fi dáhùn: ọ̀rọ̀ wa jọra. Títí mẹ́jọ yẹn fi máa dé, ẹni tó fi mẹ́fà ránṣẹ́ kò tíì mọ ohunkóhun.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó

Ní 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí ẹni tí kò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kankan máa jókòó fún ìdánwò oyè rẹ̀. Ibi yòówù kí èèyàn ti kàwé, ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ìpinnu yìí ló mú kí oyè ti Awólọ́wọ̀ ṣeé ṣe ní ọdún 86 lẹ́yìn náà. Ní Boston, ní 1873, Anna Eliot Ticknor dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ kàwé nínú ilé wọn. Lóṣooṣù ni olùkọ́ ń kọ lẹ́tà sí akẹ́kọ̀ọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń ròyìn ohun tó kà. Obìnrin tó lé ní 7,000 ló gba ọwọ́ ẹgbẹ́ náà kọjá kí ó tó kógbá wọlé ní 1897.

Àwọn àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí mọ ìyókù. Wolsey Hall tó bẹ̀rẹ̀ ní 1894, Rapid Results College ti 1928, Bennett College ti Sheffield: orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí tíṣà, akọ̀wé kóòtù àti òṣìṣẹ́ rélùwéè tó fẹ́ ṣe GCE. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sanwó kankan. Ìwé pẹlẹbẹ ẹ̀kọ́ Bíbélì bíi ti Emmaus tàbí ti Voice of Prophecy ni wọ́n fi mọ̀ pé àlejò kan tó wà níbi jíjìn lè ka ohun tí ọwọ́ wọn kọ, kí ó sì fún wọn ní máàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló jẹ́ pé lẹ́tà yẹn ni àkọ́kọ́ tí orúkọ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, wà lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, a dá tiwa sílẹ̀. Ní 1974, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ tó wá di Distance Learning Institute rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ jáde ní 1976, olùkọ́ kò tó, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, kí àwọn tíṣà lè máa kàwé láìkúrò ní kíláàsì wọn. Òfin yunifásítì gbogboògbò jáde ní 1983. Ìjọba ológun dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Igbe 1984. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí i dìde ní 2001 gẹ́gẹ́ bíi National Open University of Nigeria (NOUN), òun náà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018, nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún.

Ọdún 1971

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní 1971 tó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé, nǹkan bí 24,000. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni òpó ilé náà: ìwé ẹ̀kọ́ ń lọ, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀, olùkọ́ ń ṣe máàkì. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di oṣù Ẹrẹ́nà. Yunifásítì tó fi lẹ́tà ṣe ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní oṣù tí lẹ́tà kò rìn. Wọ́n ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí ìwé máa gbà dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì la ìgbà náà já.

Kí ọdún náà tó parí, ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ray Tomlinson fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra ARPANET. Ẹ̀rọ méjèèjì wà nínú yàrá kan náà. Òun ló yan àmì @ láti fi ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ímeèlì tí a mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yí padà ni ìrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ méjì orí òkun di ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó máa jókòó ka iṣẹ́ náà, tó máa ronú lé e, tó máa dáhùn, kò yára ju bí ó ti rí ní 1840 lọ. Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀kọ́ fi lè ra ẹ̀rọ tuntun kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì tún máa dúró fún oṣù mẹ́ta.

Àlàfo inú rẹ́jísítà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo lẹ́tà orí ìwé, torí kò tíì kú. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ dé Èkó ní 1852. NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ wa, dá dúró ní 1985. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń kàwé, àwọn tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì láti òkèèrè ṣì ń lo sítáǹpù. Ìwé ẹ̀rí sì wà tí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lórí ìwé gan-an.

Ibi tí lẹ́tà ti máa ń sọnù jù kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ni a kì í ti í gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà. Àpótí lẹ́tà tàbí P.M.B. ilé ìwé, ilé iṣẹ́ tàbí ìjọ ló ń gbà á. Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kan lè rìn láti Lọ́ńdọ̀nù dé ìlú rẹ̀ láìsí ewu, kí ó wá sùn nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lo àpótí alájọlò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń ṣí i àti ọjọ́ tó ń ṣí i, kí ó sì yọjú sí i lọ́jọ́ náà. Kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí orí ewé kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ rẹ̀, torí ewé máa ń yọ kúrò lára ara wọn. Kí ó kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ìwé. Kí ó má sì fi iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀dà ránṣẹ́ láé. Kábọ́ọ̀nù ni àwọn bàbá wa lò. Fọ́tò orí fóònù ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí.

Ní ti ọ́fíìsì, ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni rẹ́jísítà tí wọ́n fi rúlà là sí òpó márùn-ún: ọjọ́ tí iṣẹ́ dé, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà ẹ̀kọ́, orúkọ olùkọ́ tó gbé e lọ, ọjọ́ tí iṣẹ́ padà jáde. Òṣìṣẹ́ a ṣí àpò ìwé, a ka iye ewé, a lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí ewé àkọ́kọ́, a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òpó karùn-ún ni kí ọ̀gá máa wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Àlàfo kọ̀ọ̀kan tó bá wà níbẹ̀, èèyàn kan ni. Ó lè jẹ́ tíṣà kan ní Ṣakí tó ti sùn ní aago méjì òru nítorí iṣẹ́ náà, tí kò sì lè bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e torí kò mọ̀ bóyá òun yé èyí àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò tó nǹkan, kí ó wo Nelson Mandela. Ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Robben Island. Ohun gbogbo tó ń wọlé sí i àti èyí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àwọn wọ́dà kọjá. Nígbà tí wọ́n rí ìwé ìtàn ìgbésí ayé tó ń kọ ní ìkọ̀kọ̀, ìyà tí wọ́n yàn fún un ni pé kí ó má kàwé mọ́ fún ọdún mẹ́rin. Wọn kò lù ú. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n dí mọ́ ọn, wọ́n sì mọ̀ pé ìyẹn á dùn ún. Oyè òfin rẹ̀ kò jáde títí di 1989, láti ọ̀dọ̀ UNISA, tí í ṣe yunifásítì àfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ South Africa.

Ímeèlì náà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀

Àwọn kan gbà pé bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì, ímeèlì ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ̀rọ tó yẹ kí ó gbà á kò bá dáhùn, ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ á máa gbìyànjú léraléra, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó tó dá ọ̀rọ̀ padà pé òun kò rí i fi jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dá padà yìí, èdè ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń pa á rẹ́ láìkà á. Àpò lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ dá padà pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa ni. Ẹni tó bá rí i, kí ó tún àdírẹ́sì yẹ̀ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àmì tóótòó kan tó yẹ̀ ti tó láti sọ iṣẹ́ oṣù kan nù.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀, bí ìdajì áúnsì ayé Rowland Hill. Gmail kì í gbé ohun tó bá ju mẹ́gábáìtì 25 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọwọ́ kọ iṣẹ́ ewé mẹ́wàá, tó sì ya ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò mẹ́gábáìtì mẹ́rin, ti kó 40 jọ. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé fáìlì tí a so mọ́ ímeèlì máa ń wú lójú ọ̀nà: ẹ̀rọ ní láti tú u sí lẹ́tà àti nọ́ńbà kí ó lè kọjá, èyí sì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un. Fáìlì 20 lè di 27 kí ó tó dé ẹnu ibodè. Áàpù tí ń fi fóònù ya ìwé wà lọ́fẹ̀ẹ́. Á so gbogbo ewé pọ̀ sí PDF kan ṣoṣo, á dín in kù, ewé kankan kò sì ní sọnù. Dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ara rẹ̀ rà náà á pẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ. Olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 60 lè ṣí àpótí rẹ̀ kí ó rí fáìlì 40 tó ń jẹ́ “Assignment”. Nígbà tó bá kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á máa bi í léèrè bóyá kí òun fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn kan tó bá ṣì, iṣẹ́ ẹnì kan ti parẹ́, olùkọ́ kò sì ní mọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀, kóòdù ẹ̀kọ́, nọ́ńbà iṣẹ́: bí àwọn mẹ́ta yìí bá wà nínú orúkọ fáìlì àti lórí àkọlé ímeèlì, fáìlì méjì kò ní jọra. Méjì nínú wọn ti wà nínú rẹ́jísítà olópòó márùn-ún yẹn. Ọ́fíìsì tó bá gba ímeèlì yẹ kí ó ṣì máa kọ wọ́n sílẹ̀.

Àdírẹ́sì ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Bí iṣẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọ ímeèlì ara ẹni olùkọ́ kan, ọjọ́ tí olùkọ́ náà bá gba ìsinmi tàbí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti tì nìyẹn. Kí àdírẹ́sì jẹ́ ti ọ́fíìsì, kí òṣìṣẹ́ méjì ó kéré tán mọ ọ̀nà wọ ibẹ̀, kí wọ́n sì máa wo àpótí Spam lójoojúmọ́, torí ẹ̀rọ máa ń ju iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ síbẹ̀ nígbà tó bá rí fáìlì láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá sì ń kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Bcc ni kí wọ́n kó àdírẹ́sì wọn sí. Ẹni tó bá tò wọ́n síta gbangba ti fi àdírẹ́sì gbogbo wọn lé àwọn gbájúẹ̀ lọ́wọ́, òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti 2023 sì ti dé.

Ìlà pupa tó ń kọ́ni

Gbogbo ètò yìí, ìránṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tó ń kọ́ ìṣirò owó. Oníbàárà san 5,000 náírà fún ṣọ́ọ̀bù, akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún nínú àkáǹtì owó. Olùkọ́ kan fa X sí i, ó kọ 4/10, ó fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òun kùnà, kò mọ ìdí rẹ̀, á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Olùkọ́ kejì fa ìlà sí abẹ́ iye náà, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: “Owó yìí wọlé ni àbí ó jáde? Èyí tó bá wọlé, apá òsì ló ń lọ nínú àkáǹtì owó. Tún wo nọ́ńbà 3 tí o gbà, ohun kan náà ni.” Ìlà mẹ́ta péré. Nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rí àṣìṣe rẹ̀, ó rí òfin tó dì í mú, ó sì rí i pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe níbòmíràn. Kíláàsì nìyẹn, àfi pé kò sí bẹ́ńṣì níbẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ti di ìbéèrè tí a ń yan A, B, C tàbí D fún, tí kọ̀ǹpútà ń ṣe máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NOUN mọ TMA (Tutor-Marked Assignment) wọn dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni máàkì rẹ̀. Èsì tó yá yìí wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ro àròjinlẹ̀, bí a ṣe ń kọ àròkọ, bí a ṣe ń jiyàn òfin, nílò èèyàn tó máa sọ fún un pé: “Ìpínrọ̀ kejì yìí ló yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀.”

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin aláṣẹ ibùdó ẹ̀kọ́, ẹ kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa fi padà dé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbàwọlé. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 21, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni. Ẹ yan ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ hàn tó máa dáhùn fún òpó karùn-ún rẹ́jísítà. Ẹ san owó máàkì fún àwọn olùkọ́ lásìkò, torí níbi tí owó wọn bá ti há, ibẹ̀ náà ni ìwé ti ń há. Bí iṣẹ́ kan bá sì wọlé, kí ẹnì kan kọ ìlà kan ṣoṣo padà lọ́jọ́ náà pé: a ti rí i gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe tí ẹ bá rí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà, ẹ fi orúkọ tó péye sí iṣẹ́ yín, ẹ má sì tijú láti béèrè. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín bá kọjá, ẹ kọ̀wé, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́ àti nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Nígbà tí èsì bá sì dé, ẹ má wo máàkì kí ẹ pa ìwé dé. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ tún ìbéèrè tí ẹ ṣì ṣe látòkè délẹ̀, kí ẹ tó ṣí ẹ̀kọ́ tó kàn.